Píparẹ́ Lẹ́tà Pátápátá Nínú Mutt

Nínú Mutt, ẹni tó tẹ d lórí lẹ́tà kan kò tíì pa lẹ́tà náà rẹ́. Ó kàn fi àmì sí i lára ni: D yóò yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà rẹ̀, ọwọ́ yóò sún sórí lẹ́tà tó kàn, àmọ́ ohun tó wà nínú àpótí kò tíì yí padà rárá. Láti ibi àmì yìí dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè ka lẹ́tà náà mọ́, ipele mẹ́rin ló wà: fífi àmì sí i, yíyọ ọ́ kúrò nínú àpótí, kíkó àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fara pamọ́ sí, àti nínu ojú rẹ̀ nù lórí díìsìkì. Ipele kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀, ó sì ní ibi tí agbára ẹni tó ń pàṣẹ mọ.

Ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣiṣẹ́

Mutt jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fún kíkà àti kíkọ ímeèlì nínú tẹ́mínà. Kò lo àwòrán, kò sì nílò máòsì. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń hàn lójú rẹ̀, bọ́tìnì ìtẹ̀wé ni a sì fi ń pàṣẹ fún un. Michael Elkins ló kọ ọ́ ní 1995. Ó bá méjì nínú irú rẹ̀ nílẹ̀: Elm, tí Dave Taylor kọ ní 1986, àti Pine, tí Yunifásítì Washington nílùú Seattle bẹ̀rẹ̀ ní 1989, tí Alpine sì rọ́pò rẹ̀ ní 2007. Ní 2016 ni NeoMutt yà kúrò lára Mutt fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú sáfà àti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń lò wọ́n jù, nítorí pé wọ́n máa ń yára ṣí àpótí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń falẹ̀.

Gbogbo wọn ló ya fífi àmì sí lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára yíyọ ọ́ dànù. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí àpótí lẹ́tà ṣe rí lórí Unix látijọ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni àpótí náà, àwọn lẹ́tà sì tò tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí lẹ́tà kan tó lè kúrò láàárín wọn, àfi kí a tún gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e kọ. Bí ètò bá ń tún fáìlì kọ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a yọ, iṣẹ́ náà kò ní tán bọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ sàmì sí gbogbo lẹ́tà tí a kò fẹ́, tí ètò á sì yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹfààní mìíràn sì bá a rìn: ẹni tó ṣi bọ́tìnì tẹ̀ ṣì ráyè yí ọkàn padà.

Fífi àmì sí i àti mímú un ṣẹ

Bọ́tìnì d ló ń fi àmì ìparẹ́ sí lẹ́tà kan; u ló ń mú àmì náà kúrò. Bí a bá tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ d, odindi ìjíròrò ló ń gba àmì, ìyẹn lẹ́tà kan pẹ̀lú gbogbo èsì tó tẹ̀ lé e. Ctrl pẹ̀lú u ló ń dá wọn padà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àmì nìkan ló wà lára lẹ́tà, ó ṣeé ṣí, ó ṣeé kà, ó sì ṣeé fèsì sí. Ohun kan ló máa ń rú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lójú: j àti k, tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀ tí a sì fi ń gòkè láàárín àwọn lẹ́tà, máa ń fo èyí tó ti ní àmì ìparẹ́. J àti K ńlá ni a fi ń dé orí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kí a tó lè tẹ u.

Àṣẹ tó ń mú ìparẹ́ ṣẹ ni $. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, tí a sì fọwọ́ sí i, Mutt yóò yọ gbogbo lẹ́tà tó ní àmì kúrò nínú àpótí, kò sì sí u kankan tó lè dá wọn padà mọ́. Bọ́tìnì q, tí a fi ń jáde, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lórí méjèèjì, Mutt yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá kí òun yọ àwọn lẹ́tà náà dànù. Ìtò kan tó ń jẹ́ delete nínú fáìlì .muttrc ló ń darí ìbéèrè yìí. Orí ask-yes ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé yóò béèrè, bẹ́ẹ̀ ni sì ni ìdáhùn tó wà nílẹ̀ bí ẹni náà bá kàn tẹ Enter. Bí a bá gbé e sí yes, kò ní béèrè mọ́. Bí a bá gbé e sí no, àwọn lẹ́tà náà yóò wà nínú àpótí bí wọ́n ṣe wà. Bọ́tìnì x ní tirẹ̀ ń jáde láìmú ohunkóhun ṣẹ, òun sì ni ibi ìsádi ìkẹyìn fún ẹni tó sàmì sí ohun tí kò yẹ.

Nínú Alpine, D àti U ń ṣe bíi d àti u ti Mutt. Àmọ́ X níbẹ̀ ni àṣẹ tó ń yọ lẹ́tà dànù gan-an. Bọ́tìnì tó ń gba ẹni là nínú ọ̀kan ni èyí tó ń parí ọ̀ràn nínú èkejì, ó sì yẹ kí ẹni tó ń lo méjèèjì fi èyí sọ́kàn.

Píparẹ́ lọ́pọ̀

D ńlá nínú Mutt kì í wo lẹ́tà kan ṣoṣo; ó ń béèrè irú lẹ́tà tí a fẹ́ sàmì sí. Àmì ~f ń tọ́ka sí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ~s sí àkọlé, ~d sí ọjọ́ tí a kọ ọ́, ~z sí bó ṣe tóbi tó. Bí a bá kọ ~d >1y, gbogbo lẹ́tà tó ti lé ní ọdún kan ló máa gba àmì. Bí a bá kọ ~z >5M, àwọn tó ju mẹ́gábáìtì 5 lọ ni. A lè so méjì pọ̀: ~d >1y !~F ń mú gbogbo lẹ́tà tó ti lé lọ́dún kan, àfi àwọn tí a ti sàmì sí gẹ́gẹ́ bí ohun pàtàkì. ~A dúró fún gbogbo lẹ́tà pátá.

Agbára àṣẹ yìí ni ewu rẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọ Mutt lò dáadáa máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ l, wọ́n á sì fún un ní àpèjúwe kan náà. L kékeré yìí kì í pa ohunkóhun rẹ́. Kìkì àwọn lẹ́tà tó bá àpèjúwe mu ló ń fi hàn, tó sì ń fi ìyókù pamọ́. Bí wọ́n bá ti yẹ àtòjọ náà wò tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á wá tẹ D, wọ́n á kọ ~A, torí pé kò ní kan ju àwọn tó ń hàn lọ. U ńlá ló ń mú àmì kúrò lọ́pọ̀ bákan náà. Ìtò tó ń jẹ́ flag_safe ń dáàbò bo àwọn lẹ́tà pàtàkì: bí a bá tan án, kò sí àṣẹ ìparẹ́ tó lè kàn wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí

Ohun tí $ ń ṣe kò rí bákan náà níbi gbogbo. Irú àpótí tí lẹ́tà wà ló ń pinnu rẹ̀. Nínú mbox, ìyẹn àpótí onífáìlì kan ṣoṣo, Mutt máa ń wá ibi tí ìyípadà àkọ́kọ́ wà, ó ń kọ àwọn lẹ́tà tó yẹ kó kù sínú fáìlì ìgbà díẹ̀, ó sì ń dà wọ́n padà sínú àpótí láti ibẹ̀ lọ. Fáìlì náà á kúrú sí i, lẹ́tà tí a yọ kò sì ní sí nínú rẹ̀ mọ́.

Maildir, tí Daniel J. Bernstein ṣe fún ètò qmail, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Fódà mẹ́ta ló ní: tmp, new àti cur. Níbẹ̀, píparẹ́ túmọ̀ sí yíyọ fáìlì kan, kò sì kan lẹ́tà yòókù. Ṣùgbọ́n bí ìtò maildir_trash bá wà ní títàn, Mutt kò ní yọ fáìlì náà. Lẹ́tà T ni yóò fi kún ìparí orúkọ rẹ̀, fáìlì yóò sì dúró síbẹ̀ títí ètò mìíràn yóò fi gbá a dànù.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni MH, tó wá láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà. Bí a kò bá fọwọ́ kan ìtò mh_purge, Mutt ń tẹ̀ lé àṣà MH àtijọ́: kì í yọ fáìlì lẹ́tà, kọ́mà ló ń fi síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà náà kò ní hàn nínú àtòjọ mọ́, ẹni tó ni ín á sì rò pé ó ti lọ, síbẹ̀ odindi rẹ̀ wà nínú fódà níbi tí àṣẹ ls lásán ti lè fi í hàn.

Nígbà tí àpótí wà lórí sáfà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tọ́jú lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà ara wọn mọ́. Orí sáfà ilé-iṣẹ́ kan ló wà, ètò wọn á sì máa bá sáfà náà sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Nínú POP3, tí a kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé RFC 1939 ní 1996, àṣẹ DELE ń sàmì sí lẹ́tà, RSET ń mú àmì kúrò, QUIT ló sì ń mú ìparẹ́ ṣẹ. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já kí QUIT tó dé, sáfà kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́.

IMAP ni èkejì. Mark Crispin ló dá a sílẹ̀ ní 1986 ní Yunifásítì Stanford. Ìwé ìlànà rẹ̀ tó tuntun jù, RFC 9051, jáde ní 2021. Ìlànà Mutt àti ti IMAP bá ara wọn mu dáadáa. Lẹ́tà tí a fẹ́ pa rẹ́ ń gba àmì \Deleted, àṣẹ EXPUNGE ló sì ń yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n orí sáfà ni àmì náà wà, kì í ṣe inú Mutt nìkan. Bí fóònù ẹni kan náà bá ti sàmì sí lẹ́tà mìíràn nínú fódà yẹn, EXPUNGE kan ṣoṣo yóò kó ti fóònù àti ti Mutt lọ pọ̀. Láti dènà èyí ni a ṣe fi UID EXPUNGE kún un ní 1998, kí ètò lè dárúkọ àwọn lẹ́tà tó fẹ́ yọ ní pàtó.

Ààtàn àti ìwà Gmail

Láti ẹ̀dà 1.7.0, tó jáde ní 2016, ni Mutt ti ní ìtò trash. Bí a bá dárúkọ fódà kan sínú rẹ̀, lẹ́tà tí a pa rẹ́ kò ní lọ pátápátá nígbà tí a bá tẹ $; inú fódà ààtàn yẹn ni yóò ṣí lọ. Ọ̀nà méjì ló wà láti kọjá èyí. Èkíní ni kí a ṣí fódà ààtàn fúnra rẹ̀, kí a sàmì sí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀, kí a sì tẹ $. Ohun tí a bá yọ níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Èkejì ni àṣẹ purge-message, tó ń yọ lẹ́tà láìgba ọ̀nà ààtàn kọjá. Mutt kò fún àṣẹ yìí ní bọ́tìnì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò fi bind so ó mọ́ bọ́tìnì tó bá wù ú.

Gmail ni ibi tí ìparẹ́ ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀ jù. Lójú Gmail, fódà tí Mutt ń rí kì í ṣe àpótí gidi. Orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni. Gbogbo lẹ́tà ló wà nínú àkójọ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ All Mail. Bí ẹnì kan bá fi d àti $ pa lẹ́tà rẹ́ nínú INBOX, orúkọ INBOX ni Gmail ń ká kúrò lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtò tó bá wọ́n níbẹ̀, lẹ́tà náà yóò sì wà nínú All Mail níbi tí wíwá kékeré lè fi rí i. Kí ìparẹ́ tó lè jẹ́ ìparẹ́, a gbọ́dọ̀ gbé lẹ́tà lọ sínú [Gmail]/Trash. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, Gmail ń yọ ohun tó bá wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró lè ṣí fódà náà nínú Mutt kí ó sì yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi Mutt ka Gmail ṣe máa ń fi àdírẹ́sì fódà yìí sínú ìtò trash. Nínú ìtò Gmail fúnra rẹ̀, a tún lè yàn pé kí lẹ́tà tí a yọ nípasẹ̀ IMAP lọ sínú ààtàn tààrà tàbí kí ó parẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ẹ̀dà tó fara pamọ́

Lẹ́tà tó ti kúrò nínú àpótí lè ṣì wà níbòmíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Kí iṣẹ́ lè yá, Mutt lè máa tọ́jú àwọn ìlà òkè lẹ́tà, ìyẹn orúkọ olùránṣẹ́, ọjọ́ àti àkọlé, sínú fáìlì tí ìtò header_cache dárúkọ. Bí message_cachedir bá wà ní títò, odindi lẹ́tà tí a kà láti orí sáfà ló ń ní ẹ̀dà sínú fódà yẹn. Ìtò message_cache_clean ló ń mú kí Mutt gbá ẹ̀dà tí lẹ́tà rẹ̀ kò sí mọ́ dànù, àmọ́ pípa ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà lẹ́tà tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ wà nínú fódà tí record dárúkọ. Èyí tí kò kọ parí wà nínú ti postponed. Èsì tí a fún lẹ́tà sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà àkọ́kọ́ dání, nítorí náà ẹni tó pa lẹ́tà rẹ́ tó sì fi èsì rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ètò ìkọ̀wé tí Mutt ń pè náà ní ẹ̀dà tirẹ̀: bí iná bá lọ nígbà tí ẹnì kan ń fi Vim kọ lẹ́tà, fáìlì .swp tó kù lẹ́yìn lè ní ọ̀rọ̀ tó kọ nínú. Ìwé tí a so mọ́ lẹ́tà, tí a sì ti gbà sílẹ̀, kò bá lẹ́tà náà lọ rárá.

Ojú díìsìkì

Nígbà tí Mutt bá yọ fáìlì kan, ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń gé orúkọ fáìlì náà kúrò nínú àtòjọ, ó sì ń kéde pé àyè tó wà ti ṣófo. Ẹni tó yọ pátákó orúkọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kò tíì wó ilé: ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí díìsìkì títí ohun mìíràn yóò fi kọ lé e, irinṣẹ́ ìwádìí sì lè ṣà á jọ.

Ètò shred, tó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ GNU, ń kọ nǹkan lé fáìlì lórí nígbà 3 kí ó tó yọ ọ́, bí a bá fi -u kún un. Ó lè ṣiṣẹ́ fún lẹ́tà Maildir, nítorí pé fáìlì kan ni lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n kí Mutt tó yọ ọ́ ni a gbọ́dọ̀ ti lò ó. Kò wúlò fún lẹ́tà kan láàárín mbox, torí pé gbogbo àpótí ni yóò bà jẹ́. Ìwé ìtọ́ni shred fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé ó ń gbára lé díìsìkì tó ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ojú kan náà tí ti àtijọ́ wà. Btrfs kì í ṣe bẹ́ẹ̀, díìsìkì SSD náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: SSD ń pín ìkọ̀wé káàkiri kí ibì kan má baà tètè gbó, nítorí náà ohun tí a rò pé a kọ lé lórí lè wà níbi tó wà.

Ní 1996, Peter Gutmann kọ ìwé kan tó ní kí a kọ nǹkan lé díìsìkì lórí nígbà 35. Fún oríṣiríṣi díìsìkì ayé ìgbà náà ni ó ṣe gùn tó bẹ́ẹ̀, Gutmann fúnra rẹ̀ sì ti sọ lẹ́yìn náà pé kò nítumọ̀ fún díìsìkì òde òní. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí gbogbo díìsìkì ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí, bíi LUKS lórí Linux, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí a bá ba kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́, gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì di ohun tí kò ṣeé kà.

Ibi tí ọwọ́ olùparẹ́ kò dé

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹni méjì tó ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tó pa ti ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ kò ní àṣẹ kankan lórí ti ẹni tó kọ ọ́ sí, tàbí ti ẹni tí ìyẹn tún fi ránṣẹ́ sí. Sáfà pẹ̀lú sì ní ẹ̀dà ìpamọ́ tí àwọn alábòójútó ń ṣe lóòrèkóòrè nítorí ìjàm̀bá.

Ìtàn ti fi èyí hàn ní gbangba. Ní Oṣù Kọkànlá 1986, nígbà tí ọ̀ràn títa ohun ìjà fún Iran ń tú jáde ní Amẹ́ríkà, John Poindexter àti Oliver North, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìgbìmọ̀ ààbò ìlú ní ilé ààrẹ, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà rẹ́ nínú PROFS, ètò ímeèlì ọlọ́rọ̀ lásán tí IBM ṣe. Inú àpótí wọn ni lẹ́tà náà ti lọ. Àmọ́ wọ́n ṣì wà lórí téèpù ìpamọ́. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà kó wọn jáde, wọ́n sì di ẹ̀rí. Ní 1989, Scott Armstrong àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ kí a má baà nu àwọn téèpù náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington sì dájọ́ ní 1993 pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba tí òfin ní kí a tọ́jú.

Òfin náà ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láti ìhà méjì. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ pa ìsọfúnni nípa òun rẹ́, níbi tí kò bá sí ìdí lábẹ́ òfin láti tọ́jú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015, ní tirẹ̀, pàṣẹ pé kí àwọn tó ń pèsè iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìnnà ìsọfúnni fún ọdún 2. Ohun tó wà nínú lẹ́tà lè lọ, kí àkọsílẹ̀ bó ṣe rìn sì wà. Lẹ́tà tí ẹjọ́ tàbí ìwádìí ti dé orí rẹ̀ kì í tún ṣe ohun tí a lè pa rẹ́ bó ṣe wù wá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe tò

Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà kúrò pátápátá yóò kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí òfin tó ní kí a tọ́jú rẹ̀. Yóò fi l yẹ àtòjọ wò, yóò fi d tàbí D sàmì, yóò sì tẹ $. Bí trash bá wà ní títò, yóò ṣí fódà ààtàn, yóò sì tún iṣẹ́ kan náà ṣe níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Gmail, yóò wo inú All Mail bóyá lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo fódà àwọn lẹ́tà tó fi ránṣẹ́, ti àwọn tí kò kọ parí, àti fódà message_cachedir. Bó bá ń lo MH, yóò wá àwọn fáìlì tó ní kọ́mà níwájú. Yóò yọ lẹ́tà náà nínú ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà níkàáwọ́ ara rẹ̀, tàbí kí ó dúró di ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá rọ́pò ti àtijọ́. Ti ojú díìsìkì, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí a ti fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń bójú tó o. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò sí lábẹ́ àṣẹ kankan nínú Mutt. Ẹ̀bẹ̀ tàbí òfin nìkan ló lè dé ibẹ̀.